Ìwé Tí Bọ́sẹ̀ Ń Kà Láìwò Ó

Láti ìgbà tí wọ́n ti sọ Minna di olú-ìlú ìpínlẹ̀ ni iṣẹ́ ilẹ̀kùn àti fèrèsé kò ti wọ́n lọ́wọ́ Ajíbóyè mọ́, gbẹ́nàgbẹ́nà ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí ó ń gbé àdúgbò Tudun Wada níbẹ̀. Kì í sábà rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ Ìsinmi, òun ni olùkọ́ àwọn ọmọdé ní ìjọ Onítẹ̀bọmi. Ibẹ̀ ni ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ wá ọ̀tá.

Nínú ìjọ yìí, àwọn ọmọdé a máa dìde lọ́jọ́ àjọ̀dún wọn láti ka Bíbélì. Ilé ni wọ́n ti ń múra: àgbà a kà á, ọmọ a máa tẹ̀ lé e títí yóò fi mọ́ ọn lórí. Bọ́sẹ̀, ọmọbìnrin aránṣọ kan, ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún jù. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ilé-ìwé rẹ̀ ti kìlọ̀ pé bí kò bá mọ̀wé kà kí sáà tó parí, yóò padà sí kíláàsì tí ó ti kọjá. Ìyá rẹ̀ ní ìlara ni.

Bí Bọ́sẹ̀ ti parí Sáàmù rẹ̀ lọ́dún náà, Ajíbóyè ṣí ojú ìwé mìíràn fún un.

"Ka èyí."

Ọmọ náà wò ó títí, ó bú sẹ́kún.

Ìyá rẹ̀ dá Ajíbóyè dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Bàbá Ajíbóyè, ẹ tú ọmọ mi síhòhò láàárín ìjọ! Kí ni mo fi ṣe yín?"

"Ẹ máa rán an sí mi nírọ̀lẹ́."

"Haba! Ẹ̀yin tí ẹ ò rí ẹni bá sọ̀rọ̀ àfi igi?"

Ẹ̀rù ọ̀gá ilé-ìwé ló mú kí ìyá Bọ́sẹ̀ rán an. Òun náà a tẹ̀ lé e wá, a jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tí Ajíbóyè ti ń gbẹ́ igi, a kọ̀yìn sí wọn. Ajíbóyè gé ihò tóóró sára páálí, ó ń gbé e lé ojú ìwé kí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo máa yọ. Láti ìsàlẹ̀ lọ sókè ni ó ń mú un, kí ohun tí etí ti gbọ́ rí má baà ran ojú lọ́wọ́.

"Baba, na gaji," ni Bọ́sẹ̀ wí pẹ̀lú ẹkún.

"Ó rẹ èmi náà. Kà á."

"Ìkà!" ni ìyá rẹ̀ ké láti ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tí sáà ń parí lọ, obìnrin náà wọlé, ó já ìwé gbà, ó ju páálí nù. Ó ṣí ibi tí ó wù ú, ó tẹ ìka mọ́ ọn. "Kà á fún mi. Bí o kò bá lè kà á, a ò tún wá síbí mọ́."

Bọ́sẹ̀ ń fa ọ̀rọ̀ bí ẹni ń fa omi kànga jíjìn. Ó ṣì í, ó padà, ó tún un ṣe, ó kà á já. Ìyá rẹ̀ ń fojú tẹ̀ lé e. Kò rí irọ́ kan níbẹ̀.

Ó pa ìwé dé. "Ó ti mọ̀ ọ́n kà. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ fojú ọmọ mi rí níwájú ìjọ, mi ò ní dárí rẹ̀ jì yín."

"Mo gbọ́," ni Ajíbóyè dáhùn. "Ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ kan kọjá láìkàwé."

Ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ jáde, kò kí i pé ó dàárọ̀.