Òróró Tí Mo Fi Yan Ìbọ̀wọ́ Ọmọ Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀, ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí ní Hamburg lọ́jọ́ Sátidé kan báyìí. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ná, torí bí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, ẹ̀rín ni ẹ máa rín, ẹ ò sì ní rántí ọpẹ́ mọ́.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún mi, Dámilọ́lá. Ní Moabit níbí, ní Berlin, ni mo bí i sí. Mo máa bá a sọ Yorùbá, á fi Jámánì dá mi lóhùn. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn láti kékeré rẹ̀. Ó ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n báyìí, iṣẹ́ tó sì yàn láàyò ni bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà.

Kì í ṣe èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ gbá o! Èyí tí wọ́n ń gbé mọ́yà sáré ni, tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ rí bí ìbẹ́pẹ. Àwọn géńdé ọkùnrin á dé helmet, wọ́n á di ìrọ̀rí mọ́ èjìká, wọ́n á wá máa kan ara wọn bí àgbò. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ wò wọ́n, díẹ̀ ló kù kí n pe ọlọ́pàá.

Ti Dámilọ́lá sàn díẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kó sáré lọ síwájú réré, kí ẹnì kan ju bọ́ọ̀lù sí i láti ẹ̀yìn, kó sì gbá a mú kó tó kanlẹ̀. Ọwọ́ ni gbogbo iṣẹ́ náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ọwọ́ yìí sọ́kàn.

Ọmọ náà sì mọ nǹkan gbá mú! Àjà kẹrin là ń gbé, kò sì sí lift. Nígbà tó wà nílé ìwé, kò sọ́jọ́ tí kì í gbàgbé nǹkan. Ṣé èmi ni màá wá máa sọ̀ kalẹ̀ sọ̀ kalẹ̀? Màá ṣí fèrèsé, màá ké pé "Dámi, gbà!", màá sì ju kọ́kọ́rọ́ sí i. Mo ti ju bàtà sí i rí. Mo ti ju abọ́ oúnjẹ sí i, ìrẹsì àti ọbẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, kò sì dà. Màmá àgbà Jámánì kan tó ń gbé lódìkejì a máa gbé àga sídìí fèrèsé tirẹ̀ láàárọ̀ kó lè wòran wa.

Ọdún mẹ́rin ni Dámilọ́lá fi gbá bọ́ọ̀lù yìí jẹun nínú ẹgbẹ́ kan ní Berlin. Nígbà tó yá, kóòṣì tuntun dé, ó kó àwọn ọmọ tirẹ̀ wá, wọn ò sì tún ìwé àdéhùn ọmọ mi ṣe. Oṣù mẹ́fà kọjá, ẹgbẹ́ kankan ò pè é. Bàbá rẹ̀ ní ó tó gẹ́ẹ́. Wọ́n ń wá òṣìṣẹ́ ní Lager kan, ilé ìkẹ́rùsí ńlá, ní Tempelhof, níbi tí èmi fúnra mi ti ń to ẹrù. Bàbá Dámi gba fọ́ọ̀mù wá, ó kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ sí i, ó kọ ọjọ́ ìbí, ó kọ gbogbo rẹ̀ tán. Ó ku kí ọmọ fọwọ́ sí i.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ẹgbẹ́ kan ní Hamburg pè é fún Probetraining, kí wọ́n wo bó ṣe ń gbá a. Ẹni mẹ́ta ni wọ́n pè, àyè ẹnì kan ló wà. Bàbá rẹ̀ wá bá a ṣe àdéhùn: bí Hamburg bá gbà á, kó máa lọ, bí wọn ò bá gbà á, kó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù kó tó wọ ọkọ̀ ojú irin padà, kí n sì mú un dání lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Dámilọ́lá ní òun ti gbọ́. Kò jẹun alẹ́ ọjọ́ náà. Ọmọ tó máa ń jẹ ẹyin mẹ́fà!

Bàbá rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ ki fọ́ọ̀mù náà sínú báàgì mi, torí èmi náà ń lọ. Rárá, ẹnikẹ́ni ò pè mí.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Aládùúrà á mọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Nínú ìjọ wa, a kì í ṣe nǹkan ńlá láìfi òróró yàn án. Báírò ìdánwò, a ó yàn án. Ìwé ìwakọ̀, a ó yàn án. Nígbà tí èmi ní Termin, ọjọ́ tí wọ́n dá fún mi, níléeṣẹ́ tó ń rí sí ìwé àwọn àjèjì ní Moabit, gbogbo ìwé mi ni mo fi òróró kàn. Obìnrin tó gbà á lọ́wọ́ mi béèrè bóyá mo ti din nǹkan lórí rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó tẹ̀ ẹ́ ní òǹtẹ̀, àbí kò tẹ̀ ẹ́?

Nítorí náà, mo pe Ìyá Àdúrà, tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ aládùúrà àwọn obìnrin wa. Màmá bá mi gbàdúrà lórí fóònù, wọ́n ní kí n fi òróró kan orí ọmọ náà lẹ́ẹ̀mẹta kó tó jáde nílé.

Mo fi kan orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣùgbọ́n mo wá rò ó wò. Ṣé orí ló máa fi gbá bọ́ọ̀lù mú ni? Ọwọ́ kọ́ ni? Nígbà tó wọ ilé ìwẹ̀, mo tú báàgì rẹ̀, mo sì rí ìbọ̀wọ́ méjì tí wọ́n máa ń wọ̀ fún eré náà. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀. Mo ní nínú ara mi pé ìdọ̀tí ni, ọmọ yìí kì í fọ nǹkan. Mo da òróró sí i. Ẹ̀kán kan kọ́ o. Ọ̀rọ̀ ńlá kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀kán kan! Mo fi pa àtẹ́lẹwọ́, mo fi pa ìka kọ̀ọ̀kan, mo ń ka Sáàmù sí i bí mo ṣe ń pa á. Mo ká wọn padà síbi tí mo ti bá wọn, mo sì ju ìgò òróró sínú báàgì tèmi.

Bí a ṣe dé Hamburg nìyẹn. A sọ̀ ní Hauptbahnhof, ibùdókọ̀ ojú irin ńlá wọn, a wọ S-Bahn, ọkọ̀ ojú irin inú ìlú, dé pápá. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo da òróró díẹ̀ sí ọwọ́ ara mi náà, mo bẹ̀rẹ̀ àdúrà.

Kóòṣì wọn, ọkùnrin onírùngbọ̀n pupa kan tí ikùn rẹ̀ ṣáájú rẹ̀, fọn fèrè. Dámilọ́lá sáré. Ẹ̀yin èèyàn, ọmọ mi mọ eré sá! Bọ́ọ̀lù ń bọ̀ lókè, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó bà á. Bọ́ọ̀lù náà yọ̀ bọ́rọ́ bí ọṣẹ lọ́wọ́ ọmọ tí wọ́n ń wẹ̀, ó fò kọjá orí rẹ̀.

Mo ní ẹ̀rù ló ń bà á. Mo gbóhùn àdúrà sókè.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ó yọ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó yọ̀. Kóòṣì ń kọ nǹkan sínú ìwé kékeré kan. Dámilọ́lá ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n pààrọ̀ ọwọ́ rẹ̀ lójú oorun.

Ibi tó ti wá dọ̀rọ̀ ni pé àwọn bọ́ọ̀lù kan náà ni gbogbo wọn jọ ń lò. Òróró kúrò lára ìbọ̀wọ́, ó bọ́ sára bọ́ọ̀lù. Ó kúrò lára bọ́ọ̀lù, ó dé ọwọ́ ẹni tó ń jù ú. Ó kúrò níbẹ̀, ó dé ìbọ̀wọ́ àwọn méjì yòókù tí wọ́n jọ ń du àyè yẹn. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò sẹ́ni tó lè gbá nǹkan kan mú mọ́ ní pápá náà! Ọ̀kan nínú wọn di bọ́ọ̀lù mọ́yà, ó ta jáde lábẹ́ abíyá rẹ̀. Ẹni tó ń jù ú jù ú síwájú, ó gba ẹ̀gbẹ́ lọ, ó sì gbá ife kọfí kúrò lọ́wọ́ kóòṣì.

Mo fẹ́ pàtẹ́wọ́ fún àdúrà, ọwọ́ mi kan sì yọ̀ kúrò lára èkejì.

Mo wo àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo wo pápá. Mo tún wo àtẹ́lẹwọ́ mi.

Olúwa mi!

Ẹ ò ní mọ ohun tó wá sí mi lọ́kàn lákọ̀ọ́kọ́. Mo ní kí n dákẹ́. Ṣebí gbogbo wọn ni wọn ò lè gbá a mú mọ́? Bí mo bá sì jẹ́wọ́, wọ́n lè ní ọmọ mi fẹ́ ṣe màgòmágó, kí wọ́n lé e. Ṣùgbọ́n kóòṣì ti kọjú sí bàbá àgbàlagbà kan tó kó àwọn bọ́ọ̀lù wá, ó ń bá a wí pé bọ́ọ̀lù játijàti wo ló rà yìí. Bàbá náà kàn ń wolẹ̀. Báwo ni màá ṣe dé ilé Ọlọ́run lọ́jọ́ kejì, tí aláìṣẹ̀ ń jìyà ẹ̀ṣẹ̀ mi?

Mo dìde, mo sọ̀ sí pápá. Dámilọ́lá rí mi lókèèrè, ó sì ń mi orí sí mi pé rárá, rárá. Mo lọ bá kóòṣì, mo fi Jámánì tí mo gbọ́ ṣàlàyé pé kó má bínú sí bàbá, òróró mi ni. Ó béèrè pé òróró báwo. Mo ní òróró ólífì, àti pé a ti gbàdúrà sí i.

Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ kan lọ́wọ́ ọmọ mi, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó wo Dámilọ́lá, ó wò mí, ó tún gbóòórùn rẹ̀. Ó wá ṣàlàyé fún mi jẹ́ẹ́ pé wọ́n dìídì ṣe àtẹ́lẹwọ́ ìbọ̀wọ́ yẹn kó máa lẹ̀ ni, kó lè di bọ́ọ̀lù mú.

Ìdọ̀tí tí mo rò!

Ó yíjú sí ọmọ mi, ó béèrè bóyá ó mọ̀ sí i. Dámilọ́lá ní òun ò mọ̀. Mo wá ń retí kó ju gbogbo ẹ̀bi lé mi lórí níwájú àwọn àjèjì. Ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n ó kọjú sí mi, ó sì sọ Yorùbá tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ọdún mélòó kan.

"Mọ́mì, ẹ lọ jókòó. Mo gbọ́ àdúrà yín. Ó ti tó."

Ó sọ fún kóòṣì pé ìyá òun ni mí, pé kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe.

Kóòṣì gbà. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ rò pé wọ́n jẹ́ kí n jókòó? Garawa omi àti ọṣẹ ìfọbọ́ ni kóòṣì gbé fún mi! Èmi àti bàbá oníbọ́ọ̀lù la jọ kúnlẹ̀, tí a fọ bọ́ọ̀lù méjìlá bí ẹni ń fọ igbá. Bàbá ní òun náà máa ń lo òróró ólífì, sórí ewébẹ̀.

Kò sí ìbọ̀wọ́ tó mọ́ mọ́, nítorí náà ọwọ́ lásán ni gbogbo wọn fi máa gbá a. Àwọn méjì yòókù ò mọ̀ ọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Bọ́ọ̀lù ń ta wọ́n lọ́wọ́, wọ́n ń gbọn ìka. Ó wá kan Dámilọ́lá. Ó sáré, bọ́ọ̀lù ń bọ̀ láti òkè réré. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti dìde nídìí garawa, mo ti ké.

"Dámi, gbà!"

Ó gbà á! Ọwọ́ lásán, bíi kọ́kọ́rọ́, bí abọ́ ìrẹsì. Mẹ́wàá ni wọ́n jù sí i, mẹ́sàn-án ló gbá mú. Ẹyọ kan yẹn, èmi ni mi ò ṣan ọṣẹ ara rẹ̀ dáadáa.

Wọ́n gbà á, ẹ̀yin èèyàn mi! Kóòṣì ní ọwọ́ rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ohun tó wu òun jù ni pé wọ́n dójú tì í tó báyẹn, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Nígbà tó mú ìwé àdéhùn jáde, ó fi báírò kọ gbólóhùn kan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó sì ní kí èmi náà fọwọ́ sí i: ìyá agbábọ́ọ̀lù kò gbọdọ̀ mú òróró wọ pápá.

A lọ jẹun ní St. Georg, nítòsí Hauptbahnhof, kí ọkọ̀ wa tó gbéra. Dámilọ́lá jẹ ìrẹsì abọ́ méjì. Mo ki ọwọ́ bọ báàgì láti mú tíṣù, ọwọ́ mi sì yọ̀. Ìdérí ìgò ti ṣí, gbogbo ìyókù òróró ti dà sórí fọ́ọ̀mù Lager. Ó rin gbingbin. Dámilọ́lá fi báírò gbìyànjú lórí rẹ̀ fún eré, báírò ń yọ̀ kiri, kò kọ nǹkan kan.

Ẹ wá sọ fún mi pé òróró yẹn ò ṣiṣẹ́!

Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún Bàbá Dámi lórí fóònù, títí kan ti fọ́ọ̀mù. Ó wá ní kí ọmọ máa lọ, Ọlọ́run ti bá òun fọwọ́ sí i. Ìyá Àdúrà ní tiwọn pariwo mọ́ mi. Wọ́n ní, "Orí ni mo wí! Ta ló dárúkọ ìbọ̀wọ́?"

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nìyẹn. Àdúrà kì í ṣàṣìṣe, àwa tí à ń gbà á là ń ṣe é. Bí ẹ bá fẹ́ ran ọmọ yín lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bi í pé báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ ọ̀hún. Bí wọ́n bá sì ní orí, ẹ fi mọ sórí!

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé èmi nìkan ni mo ti fi ìfẹ́ ba iṣẹ́ ọmọ mi jẹ́ báyìí? Ẹ sọ tiyín fún wa nísàlẹ̀, kí n má dá nìkan jẹ ìtìjú yìí. Àmọ́ ẹ ṣe kíá o, torí kóòṣì onírùngbọ̀n pupa ń pè mí lórí fóònù. Ìdíje wọn àkọ́kọ́ ku ọ̀sẹ̀ kan, ó sì ń fi ọgbọ́n béèrè lọ́wọ́ mi bóyá mo lè wá bá àwọn tí wọ́n fẹ́ bá gbá fọ ìbọ̀wọ́ wọn, kí n má sì gbàgbé ìgò òróró mi sílé.