Ẹnu Odile

Ní ilé Ghislain Wauquier, láàárín àwọn oko àlìkámà tó wà nítòsí ìlú Tournai, ọkọ ló ń pọn ọtí, Odile ìyàwó rẹ̀ ló ń sọ ọjọ́ tí wọn yóò mu ún.

Nígbà òtútù, Ghislain a se omi ọkà bálì, a dà á sínú àwọn àgbá igi óákù ńláńlá tó wà nínú àká, a sì fọwọ́ lẹ́rán. Ohun tí ojú kò rí tó ń gbé inú igi náà ni yóò máa bá ọtí fà á, títí ọtí yóò fi kan. Ṣùgbọ́n kíkan ju kíkan lọ. Ọ̀kan wà tó dà bí èso ápù tí kò tíì pọ́n dénú, tó ń mú itọ́ sọ lẹ́nu, tí òórùn koríko gbígbẹ àti awọ gàárì ẹṣin ń tẹ̀ lé e. Òmíràn wà tí kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀ ju fínígà lọ. Àgbá tó bá ti gba ọ̀nà yẹn ti bàjẹ́ nìyẹn. Odile nìkan ló mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Yóò fa ìṣó kékeré tó dí ihò iwájú àgbá, ọtí á ta sínú ife, yóò gbé e súnmọ́ imú, yóò tọ́ ọ wò, yóò dákẹ́ díẹ̀. Ohun tó bá ti sọ lẹ́yìn náà, abẹ ti gé e.

Solange, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, fẹ́ràn láti máa tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ wọ àká. Nígbà tó di ọmọge, ó na ife tirẹ̀ náà.

“Màmá, ẹ jẹ́ kí n tọ́ ọ wò, kí ẹ wá sọ ohun tí ẹ gbọ́ nínú ẹ̀ fún mi.”

“Kí lo ń wá kiri?” ni Odile wí. “Ṣé o rí ikú lójú mi ni? Lọ bọ́ pẹ́pẹ́yẹ.”

Ghislain rẹ́rìn-ín. Solange kò rẹ́rìn-ín, kò sì béèrè mọ́. Ó gba iṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń hun ìbọ̀sẹ̀ ní Tournai, ó wá di ẹni tí wọ́n ń rí lọ́jọ́ Ìsinmi nìkan. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ó dùn mọ́ Odile nínú pé òun nìkan ni. Bó bá wọ ilé ọtí abúlé, àwọn àgbààgbà ọkùnrin a sún fún un.

Nígbà òtútù kan ni ibà àti ọ̀fìnkìn dá a wólẹ̀. Ó dìde, ara rẹ̀ le, ṣùgbọ́n imú ti kú. Ó mu kọfí, omi gbígbóná lásán ló mu. Ó jẹ wàràkàṣì tí òórùn rẹ̀ máa ń lé àlejò, ó dà bí ìgbà tó ń jẹ àbẹ́là. Ó fi ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ bojú, ọkùnrin tó ti ń bá sùn láti ìgbà èwe, kò gbọ́ òórùn rẹ̀. Ẹ̀rù bà á. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé òórùn á padà, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Kíkan ṣì ń ta á lẹ́nu o, ṣùgbọ́n ńṣe ló dà bí ẹni tó ń gbọ́ igbe tí kò mọ ẹni tó ń ké.

Òórùn kò padà. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn dé, ọdún abúlé kù sí dẹ̀dẹ̀.

“Ìyá Solange, àgbá wo la máa gbé jáde?” ni Ghislain béèrè.

Odile yí àká ká. Ó gbé ife símú bó ṣe máa ń ṣe, ó dákẹ́ bó ṣe máa ń dákẹ́. Ó wá na ìka sí àgbá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. “Èyí.”

Lọ́jọ́ ọdún, fèrè ń dún, àwọn tafàtafà ti parí ìdíje wọn, ehoro sísè ń hó nínú gbogbo ìkòkò. Odile fúnra rẹ̀ ló ń bu ọtí. Àwọn ènìyàn ń dúpẹ́, wọ́n ń gbà á, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó padà wá gba ife kejì. Ó wá rí Zénon alágbẹ̀dẹ, ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀, tó ń da tirẹ̀ sórí koríko.

“Zénon! Ìgbà wo lo di ẹni tó ń bomi rin koríko?”

Zénon ta gìrì. “Odile, ṣé kí n purọ́ ni? Fínígà lẹ fún wa. Ìyàwó mi tiẹ̀ ní òun á fi tòun se ehoro.”

Ó fẹ́ fi ṣẹ̀fẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ghislain gba ife kan, ó mu ún, ojú rẹ̀ sì yí padà.

“Ìyá Solange, o tọ́ èyí wò?”

“Mo tọ́ ọ wò.”

“Kí lo gbọ́ nínú ẹ̀?”

Odile gbé ife ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Níwájú gbogbo abúlé, ó ní, “N ò gbọ́ nǹkan kan, Ghislain. Látìgbà tí mo ti ṣàìsàn, n ò gbọ́ nǹkan kan mọ́.”

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó mú Solange lọ sínú àká. Ó bu ọtí fún un.

“Sọ ohun tó o gbọ́.”

“Ó kan.”

“Mo mọ̀ pé ó kan. Kíkan wo?”

“Màmá, kíkan náà ni, kí ni mo tún fẹ́ wí? Ẹ sọ bó ṣe yẹ kó rí, kí n lè mọ̀ ọ́n.”

Odile la ẹnu. “Bíi koríko,” ó ní. “Bíi koríko tí… bíi…” Ó wá koríko náà kiri nínú ọkàn ara rẹ̀, orúkọ nìkan ló bá níbẹ̀. Òórùn náà kò sí níbi kankan nínú rẹ̀ mọ́, àfi bíi pé kò gbọ́ ọ rí.

“Ìgbà tí mo fẹ́ kọ́ ọ, ẹ ò gbà,” ni Solange wí. Kò fi ìbínú sọ ọ́.

Àwọn ilé ọtí kò ránṣẹ́ wá ra ọtí mọ́. Ghislain náà gbìyànjú láti máa tọ́ ọ wò, ṣùgbọ́n òní ló máa pe àgbá kan ní dáadáa, ọ̀la ló máa pè é ní fínígà. Ẹ̀pa kò bóró mọ́. Lọ́jọ́ kan tí oòrùn mú, ó ṣí gbogbo àgbá láti dà wọ́n nù, ọtí sì ń ṣàn gba gọ́tà inú àgbàlá jáde lọ sójú ọ̀nà. Odile dúró lẹ́nu ọ̀nà àká, ó ń wò ó.

Òórùn náà ló gbé Zénon wá. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ gọ́tà, ó lá a. Ó fò dìde.

“Ghislain, dá a dúró! Èyí dára! Èyí dára jù!”

Ghislain sáré, ó di àgbá kan, ó di òmíràn, ṣùgbọ́n ta ló mọ inú àgbá tí ọtí dáadáa náà ti wá? Èyí tó dára àti èyí tó bàjẹ́ ti dàpọ̀. Ó jókòó sílẹ̀ nínú omi ọtí.

Odile wá bá Zénon, ó di apá rẹ̀ mú. “Báwo ló ṣe rí lẹ́nu? Jọ̀ọ́, sọ ọ́ fún mi.”

Zénon wo ojú rẹ̀. Ó tún lá ọwọ́ rẹ̀, ó ń wá ọ̀rọ̀ tó máa fi sọ ọ́. “Ó ṣáà dára, Odile,” ó ní. “Ó dára ni.”

Odile fi apá rẹ̀ sílẹ̀, ó sì wọlé lọ.