Hóró Gègèmu Inú Ẹ̀kọ Mi

Bí ẹ bá gbé ẹ̀kọ gbígbóná fún mi lónìí, màá ní ẹ ṣeun, màá sì gbé e fún ẹlòmíì. Àwọn tí mo ń bá gbé rò pé kì í bá mi lára mu ni. Irọ́ ni. Inú ló ń bí mi. Ó ti pẹ́, irun orí mi ti funfun tán, síbẹ̀ inú ṣì ń bí mi. Pásítọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti bá mi sọ̀rọ̀ ìdáríjì. Mo ṣe àmín fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì gbé ìbínú mi padà sílé.

Ìwó la wà, lọ́dún tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ iléèwé ọ̀fẹ́. Ọmọ ogún ọdún ni mí, aránṣọ sì ni mí. Ẹ̀rọ ìránṣọ ọlọ́wọ́ kan wà lẹ́nu ọ̀nà ilé wa tí mò ń yí látàárọ̀ dalẹ́. Lọ́dún yẹn, gbogbo ọmọ ló fẹ́ wọ yunifọ́ọ̀mù lẹ́ẹ̀kan náà. Kákí ni mò ń gé, kákí ni mò ń rán, mo tilẹ̀ ń rí kákí lójú àlá.

Bàbá mi ti kú kí n tó gbọ́njú dáadáa, ìyá tó bí mi sì ti lọ fẹ́ ọkọ mìíràn ní Ilé-Ogbó. Àbúrò bàbá mi obìnrin ló tọ́ mi dàgbà. Àwọn ni mò ń pè ní Ìyá, àwọn náà ni mò ń sọ níbikíbi tí mo bá ti pe Ìyá nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá ò bímọ. Ọkọ wọn bá àwọn oníṣòwò lọ sí Kùmásí ní Gólúkóòsì, ó ní ọdún méjì péré lòun máa lò. Mi ò fojú kan ọkùnrin náà rí. Ìyá ń ta iyọ̀ àti ẹja gbígbẹ lọ́jà, wọ́n wà lára àwọn ìyá ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi wa, bí wọ́n bá sì ń gbàdúrà, ẹkún ni wọ́n máa ń fi parí ẹ̀. Mo fẹ́ràn wọn. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, torí ká ní mi ò fẹ́ràn wọn ni, ọ̀rọ̀ yìí ò ní dùn mí tó báyìí.

Ọkùnrin ọmọ Olúpọ̀nnà kan wá rán ṣòkòtò lọ́dọ̀ mi. Kùmásí ló ti ń ta aṣọ. Ó gbé ṣòkòtò kan ṣoṣo wá fún àtúnṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ìdí yín ló ń tóbi ni, àbí ṣòkòtò ló ń sún kì?" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó wá sọ fún mi láìfepo bọyọ̀ pé ìyàwó lòun wá fẹ́ nílé, pé òun sì ti rí i. Kí oṣù yẹn tó parí, mo ti gbà pé màá bá a lọ. Oṣù kan àbọ̀ ló kù kó padà sí Kùmásí. Wọ́n ṣì máa kéde orúkọ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta, nítorí náà kò sáyè ìfàsẹ́yìn.

Nígbà tí mo sọ fún Ìyá, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n súre fún mi. Wọ́n kàn bi mí léèrè lẹ́ẹ̀kan, lọ́jọ́ tí a jọ ń ṣa ẹja: "Kùmásí náà ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n ń ṣa ẹja wọn lọ.

Ẹ mọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílẹ̀ wa. Kí ẹbí ọkọ tó wá tọrọ ìyàwó, wọ́n á kọ́kọ́ rán ẹnì kan wá wádìí ilé. Onítọ̀hún ò ní sọ pé òun ń bọ̀. Á kàn yà bí ẹni tó fẹ́ tọrọ omi mu, á máa wo ìrìn ọmọ, á máa wo ìjókòó ẹ̀, á sì máa fọgbọ́n bi aládùúgbò léèrè: ṣé wèrè wà ní ìdílé yìí, ṣé wárápá wà, ṣé ẹ̀tẹ̀ wà? Ká jẹ́ Onígbàgbọ́, ká jẹ́ Mùsùlùmí, kò sẹ́ni tó ń fo ìyẹn dá. Ṣùgbọ́n alárinà ti yọ́ ọjọ́ náà sọ fún Ìyá, kí wọ́n lè tún ilé ṣe. Èmi tí wọ́n ń bọ̀ wá wò ni mi ò mọ̀.

Láàárọ̀ Sátidé kan, Ìyá gbé ẹ̀kọ gbígbóná fún mi. Mo tọ́ ọ wò, ó korò. Mo ní, "Ìyá, kí lẹ fi sínú ẹ̀kọ yìí?" Wọ́n ní, "Efinrin ni. Àbí ìwọ kọ́ lo ní inú ń run ẹ́ lánàá?" Lóòótọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n bu ṣúgà kún un, wọ́n sì dúró tì mí títí mo fi mu ún tán, tí mo fìka nu ìdí àwo.

Kò pẹ́ tí ẹnu mi fi gbẹ táútáú. Mo mu omi, omi náà ò fẹ́ gba ọ̀fun lọ. Mo fẹ́ ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, mi ò rí ojú abẹ́rẹ́. Oòrùn ìta bẹ̀rẹ̀ sí í gún mi lójú, àyà mi ń lù kìkìkì. Mo ní kí n dìde, ilé ń yí. Láti ibẹ̀ lọ, ohun tí mo rántí àti ohun tí wọ́n sọ fún mi ti dàpọ̀. Mo rántí pé bàbá mi jókòó lórí kákí tí mo gé sílẹ̀, ó ń bi mí bóyá mo ti jẹun. Kò rí bí àlá rárá. Ẹni tó lálàá á jí, á ní, "Háà, àlá ni." Èmi ò mọ ìyàtọ̀ kankan. Bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí gẹ́lẹ́ ni mo ṣe bá òkú bàbá mi sọ̀rọ̀, mo sì ń bu oúnjẹ tí kò sí nílẹ̀ fún un.

Àsìkò yẹn gan-an ni àlejò wọlé: ẹ̀gbọ́n bàbá àfẹ́sọ́nà mi, ìyá àgbà kan tó ti Olúpọ̀nnà wá. Mo ti bọ́ bùbá mi sílẹ̀ nígbà yẹn, torí ara mi gbóná bí ààrò. Wọ́n ní mò ń fa òwú jáde látinú afẹ́fẹ́, mò ń feyín já a, mò ń rán an mọ́ itan ara mi. Ìyá àgbà náà kí mi. Mo gbójú sókè, mo rí ìjàlọ tó ń dà jáde lábẹ́ gèlè wọn. Èyí ò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi, mo fojú ara mi rí i. Mo sáré dìde láti ràn wọ́n lọ́wọ́! Mo fa gèlè náà ya, mo ń fọwọ́ gbá wọn lórí. Wọ́n figbe ta, "Ẹ gbà mí o!" Wọ́n sá lọ, wọn ò dúró mú bàtà.

Aládùúgbò kan ló lọ pe dìsípẹ́ńsà, apoògùn òyìnbó kan tó ń gbé nítòsí wa. Ó fìka ṣí ojú mi, ó rí i pé ọmọlójú mi ti fẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ. Ó ní, "Ọmọ yìí ò ya wèrè. Ẹnì kan ló fún un ní gègèmu jẹ."

Gègèmu, tí àwọn mìíràn ń pè ní apikán, kò ṣàjèjì lágbègbè wa. Ààtàn ló ń hù sí, òdòdó ẹ̀ funfun, èso ẹ̀ kún fún ẹ̀gún. Nígbà tí orí mi pé padà lọ́jọ́ kẹta, dìsípẹ́ńsà náà jókòó tì mí, ó ṣàlàyé. Ó ní àwọn olè ibùdókọ̀ máa ń fi sínú ẹmu fún ẹni tí wọ́n bá fẹ́ jà lólè, àwọn ọ̀dọ́ kan sì ń fọwọ́ ara wọn jẹ ẹ́ láti fi ṣeré. Ó ní kò sẹ́ni tó mọ ìwọ̀n ẹ̀. Ohun tó mú ẹnì kan sùn lánàá lè pa ẹlòmíì lónìí, kódà bó jẹ́ orí igi kan náà ni wọ́n ti já a. Ó ní òun ti rí ẹni tó rìn wọ kànga, tó rò pé ẹnu ọ̀nà ilé òun ni. Ó ní kí n dúpẹ́. Mo dúpẹ́. Fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, mi ò lè ka Bíbélì, mi ò lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́.

Àmọ́ ìròyìn ti dé Olúpọ̀nnà. Àfẹ́sọ́nà mi wá fúnra ẹ̀, ojú ẹ̀ pọ́n. Ó ní òun gba ọ̀rọ̀ dìsípẹ́ńsà gbọ́, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ilé àwọn ní àlejò ni dìsípẹ́ńsà, kò mọ ìdílé wa. Wọ́n ní ẹni tó tọ́ ọmọ ló mọ àìsàn ọmọ. Bí Ìyá bá wá fẹnu ara wọn sọ fún àwọn pé n kò ṣe wèrè rí, tí wọ́n sì ṣàlàyé bí gègèmu ṣe dé ẹnu mi, àwọn á gbà, ìgbéyàwó á sì wáyé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó tán nìyẹn.

Ta ló wá fún mi jẹ? Ìyá ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ obìnrin tó ń ta gúgúrú lójúde wa, torí mo ra gúgúrú lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Orí mi ò! Mo gbà. Mo lọ bá obìnrin ọlọ́mọ mẹ́rin níwájú ọjà ẹ̀, mo pè é ní apànìyàn lójú gbogbo ayé. Obìnrin náà fi aṣọ bo igbá gúgúrú ẹ̀, ó gbé e wọlé. Lọ́jọ́ kejì, mo ń wé gèlè láti lọ fẹjọ́ ẹ̀ sun pásítọ̀, Ìyá bá di ilẹ̀kùn mú.

Wọ́n ní, "Má lọ. Kì í ṣe òun."

Mo ní, "Ta wá ni?"

Ìyá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n ní, "Mo já a lójú ọ̀nà Kuta. Hóró díẹ̀ ni mo lọ̀ sí i. Mo rò pé o kàn máa sùn ni. Kí ìyá àgbà yẹn bá ẹ lójú oorun lọ́sàn-án gangan, kó ní ọ̀lẹ lọmọ yìí, kó bá tiẹ̀ lọ. Kùmásí ti gba ọkọ lọ́wọ́ mi. Ṣé kó tún gba ọmọ ni?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò mọ ohun tó dùn mí jù. Mo ní, "Ẹ po májèlé fún mi, Ìyá! Ẹ tún fi ṣúgà sí i! Ẹ tún dúró tì mí kí n mu ún tán!" Mo sunkún, àwọn náà sunkún. Mo lọ kúnlẹ̀ bẹ obìnrin onígúgúrú. Nígbà tí mo dé, mo sọ fún Ìyá pé ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ lọ́wọ́ wọn: kí a jọ lọ sí Olúpọ̀nnà, kí wọ́n sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi. Wọ́n gbà. Wọ́n fọwọ́ lé Bíbélì, láìjẹ́ pé mo ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré ló kù kí àfẹ́sọ́nà mi wọkọ̀.

Lójú ọ̀nà, inú mi tún ń rọ̀. Mo ń rò ó pé ojú á tì wọ́n gan-an, mo sì ń wá ohun tí màá fi tù wọ́n nínú tí a bá ń padà bọ̀. Mo tilẹ̀ ń rò ó pé tí a bá ríbi gbé ní Kùmásí, màá ránṣẹ́ wá mú wọn.

Ilé kún. Bàbá àfẹ́sọ́nà mi wà níbẹ̀, ìyá àgbà tí mo fa gèlè wọn ya jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, àfẹ́sọ́nà mi sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. Èmi àti Ìyá kúnlẹ̀. Bàbá náà ní, "Ìyá wa, ẹ̀yin lẹ tọ́ ọ. Ohun tí ẹ bá sọ la máa gbà."

Ìyá gbé orí sókè. Omijé ti ń bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, "Ẹ forí jì mí. Mi ò lè máa tan ọmọ ọlọ́mọ. Àtikékeré ló ti ń ṣe é. Èmi ni mò ń fi pamọ́."

Mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa. Mo wo ẹnu wọn. Ìyá tún un sọ. Mo fò dìde, mo ní, "Irọ́ ni! Irọ́ lẹ ń pa! Ẹ̀yin lẹ fún mi ní gègèmu jẹ!" Mo pariwo mọ́ ẹni tó tọ́ mi, níwájú àwọn àna, mo di ìró wọn mú, mò ń gbọ̀n wọ́n jìgìjìgì. Ta ni orí ẹ̀ pé tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí àgbà? Bí mo ṣe ń pariwo tó ni ojú wọn nínú yàrá yẹn ń yí padà tó, mo sì ń rí i, mi ò sì lè dákẹ́. Ìyá àgbà tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri fọwọ́ méjèèjì di gèlè wọn mú. Mo yíjú sí àfẹ́sọ́nà mi kó lè gbà mí. Ó fẹ̀yìn rìn jáde.

Àwọn ọkùnrin méjì dì mí mú lápá, jẹ́jẹ́, bí wọ́n ṣe ń di aláìsàn mú. Ìyá dìde, wọ́n fi etí aṣọ wọn nu ojú mi. Wọ́n ní, "Ṣé ẹ rí i? Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn."