Omi Tí Mo Yàn Fún Àbẹ̀kẹ́

Òórùn ilé Ráfíù tó ń ṣájì bátìrì mọ́tò ní Ọ̀mù-Àrán máa ń ta ni nímú bí ata tó jóná. Mo máa ń gba ibẹ̀ kọjá lọ sọ́jà, n kì í dúró. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo dúró ló bà mí nínú jẹ́ títí dòní.

Nítorí eyín Àbẹ̀kẹ́ ni, ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo. Ìwọ náà á rántí ìgbà tí owó epo wà, tí wọ́n gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí abúlé wa, tí a jó yí i ká. Omi náà mọ́ gaara. Èrò pọ̀ nídìí rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ ṣì ń mu omi odò. Sùlè àti Yékínì, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, odò ni wọ́n mu dàgbà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti já Àbẹ̀kẹ́ lẹ́nu ọmú, omi ẹ̀rọ nìkan ló ń mu. Èmi fúnra mi ni mo ń pọn ọ́n, ìfẹ́ ni mo pè é. Nígbà tí eyín àgbà rẹ̀ yọ, ó yọ tòun ti àbàwọ́n, ó pọ́n rúsúrúsú. Àwọn ọmọ ilé ìwé ní Arandun a máa kígbe pé, "Elẹ́yín àgbàdo sísun!" A fi eérú fọ̀ ọ́, a fi èédú fọ̀ ọ́, ó rin orín títí ẹ̀jẹ̀ fi ń jáde ní erìgì rẹ̀. Èmi a tún ní, "Lọ fi omi ẹ̀rọ yọ ẹnu rẹ dáadáa." Ṣé o rí mi báyìí?

Ibi tí nǹkan ti wá le ni ìgbà tí ọmọkùnrin kan láti Òkè-Onígbìn ní òun fẹ́ ẹ. Ìyá ọmọkùnrin náà ń bọ̀ wá wò ó ní Sátidé. Àbẹ̀kẹ́ kò jẹun mọ́. "Màámi, tí obìnrin yẹn bá fi lè rí ẹnu mi, ó parí." Ọ̀rọ̀ yìí ló gbé mi dé ilé Ráfíù, torí mo ti rí i tó fi ásíìdì, omi inú bátìrì, fọ ìpẹtà kúrò lára irin.

"Ìyá, irin ni mo ń fi èyí fọ̀ o," ni Ráfíù wí. "Ẹ wo bó ṣe jẹ ṣòkòtò mi."

"Bù ú fún mi jàre. Ṣé ìwọ ni yóò kọ́ mi bí mo ṣe máa tọ́jú ọmọ mi ni?"

Ó bù ú sínú ìgò òògùn, ó ń wo ilẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi òwú pa á sí eyín iwájú Àbẹ̀kẹ́. Omijé ń dà lójú rẹ̀. Eyín náà funfun lóòótọ́, funfun bí ẹfun, ṣùgbọ́n kò dán mọ́, bí atẹ́gùn lásán bá fẹ́ sí i, á dùn ún, á fajú ro.

Nígbà tó di Sátidé, ìyá ọkọ na orógbó sí i pé kó gé e jẹ, kí àwọn jọ pín in. Mo ń wo orógbó yẹn bí ẹni ń wo ejò. Àbẹ̀kẹ́ gé e. Mo gbọ́ ìró náà. Kì í ṣe orógbó ló ró. Eyín iwájú rẹ̀ kán, ó bọ́ sórí ẹní.

Ìyá náà ṣa èérún eyín sí àtẹ́lẹwọ́, ó bi mí ní ohun tí mo ṣe, mo sọ fún un. Ó mi orí. "Ìyá Àbẹ̀kẹ́, ta ló rán yín níṣẹ́? Ọmọ mi ti rí eyín yẹn kó tó ní òun fẹ́ ẹ. Ẹ̀rín rẹ̀ ló ń sọ fún mi ṣáá."

Ọmọ rẹ̀ fẹ́ ẹ náà. Dókítà eléyín ní Ìlọrin ló wá là wá lóye pé ohun kan bí iyọ̀ tí a kì í fojú rí nínú omi kànga ẹ̀rọ yẹn ló kó àbàwọ́n sínú eyín nígbà tó ṣì wà lábẹ́ erìgì, pé kò ṣeé fọ̀ kúrò. Bíbò ni wọ́n ń bò ó, bí eyín bá ṣì pé. Láti ọjọ́ orógbó yẹn, Àbẹ̀kẹ́ kò rẹ́rìn-ín mọ́ láìfi ọwọ́ bo ẹnu, lójú ọkọ, lójú ọmọ, títí tó fi kú nínú ọyẹ́ tó kọjá.

Èmi wà lára àwọn tó wẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì rí ẹnu rẹ̀. Eyín ọmọ ni mo ń fọ̀ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, n kò yẹ inú ìkòkò omi wò. Sùlè àti Yékínì ṣì ń fi eyín funfun gé àgbàdo jẹ. Àwọn ni n kò yan omi fún.