Ọkọ̀ Wo Ló Ń Lọ?

Mo ń nu gíláàsì àtùpà lọ́wọ́ nígbà tí Bàbá Àyọ̀ká, ọkọ mi, ti ilé-ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ni dé pẹ̀lú ìròyìn. Wọ́n ní ọ̀mọ̀wé kan nílẹ̀ Òyìnbó sọ pé ẹni tó wà nínú ọkọ̀ tó ń lọ geere kò lè mọ̀ bóyá òun ń lọ ni tàbí òun dúró, àfi bó bá wo nǹkan mìíràn. Wọ́n ní ìmọ́lẹ̀ nìkan ni eré rẹ̀ kì í yàtọ̀ lójú ẹnikẹ́ni, ìbáà dúró, ìbáà máa sáré. Àní aago ẹni tó ń lọ àti ti ẹni tó dúró lè má bára mu. Wọ́n ń retí kí ẹnu yà mí.

"Ìyá mi ti mọ díẹ̀ nínú ìyẹn," ni mo wí, "ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n."

Fèrè ọkọ̀ ojú irin dún láti apá Dùgbẹ̀. Àkísà bọ́ lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, àwọn ènìyàn ṣì máa ń ti Bẹẹrẹ àti Ọjà'ba rìn lọ wo ọkọ̀ ojú irin lásán. Bàbá mi ti ríṣẹ́ sí Èkó, wọ́n sì ní kí Ìyá kó èmi àti Àlàbí, ẹ̀gbọ́n mi, wá bá wọn. Ìyá àgbà sìn wá dé ibùdókọ̀. A ti jókòó tán kí Àlàbí tó rántí pé òun kò tí ì dọ̀bálẹ̀ dágbére. Ó bẹ́ sílẹ̀, ó nà gbọọrọ, Ìyá àgbà sì bẹ̀rẹ̀ ìwúre. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ̀: nígbà náà, ọmọ kì í dìde títí àgbà yóò fi wúre tán, ìwúre Ìyá àgbà sì máa ń kọ́kọ́ kí gbogbo baba ńlá wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọkọ̀ mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Òun ni Ìyá ń wò lójú fèrèsé nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ sẹ́yìn.

"Tiwọn ti lọ," ni Ìyá wí, wọ́n tún gèlè wọn wé. "Tiwa náà kò ní pẹ́."

Èmi wà lójú fèrèsé kejì.

"Ìyá, Ìyá àgbà ń lọ o!"

"Ta ló ń lọ? Àgbà tó dúró tó ń wúre? Oorun ń kùn ẹ́ ni?"

"Wọ́n ń lọ! Àlàbí náà ń lọ, lórí ìdọ̀bálẹ̀!"

Bàbá alápatà kan tó jókòó tì wá bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. Bí ọkọ̀ yìí bá ṣí, ìdí wa ni yóò kọ́kọ́ mọ̀."

Ìdí wa kò mọ nǹkan kan. Nígbà tí Ìyá yíjú, Àlàbí ti kéré bí ẹyẹ, àyà rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Ìyá ké, wọ́n sáré dé ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ wọn kan ti jáde sínú atẹ́gùn. Alápatà gbá ìró wọn mú.

"Ẹ wo èyí o!" Ó nawọ́ sí mi. "Ta ni ẹ fẹ́ fi èyí sílẹ̀ fún?"

Ìró náà ya, ṣùgbọ́n ọwọ́ alápatà kò tú.

A sọ̀ ní ibùdókọ̀ tó tẹ̀ lé e, a fẹsẹ̀ rìn padà sí Bẹẹrẹ. Àlàbí sá sẹ́yìn Ìyá àgbà, kò gbà láti tẹ̀ lé wa mọ́. Ọ̀dọ̀ wọn ló dàgbà sí. Títí dòní, bí òun àti Ìyá bá pàdé, yóò ní, "Ẹ fi mí sílẹ̀ lọ." Ìyá yóò ní, "Ibi tí mo jókòó sí ni mo wà. Ìwọ ni mo rí tó ń lọ."

Lóde òní, ojú fèrèsé ọkọ̀ ni àwọn ènìyàn ti ń juwọ́ dágbére síra wọn. Ìwúre ti kúrú. Àmọ́ ẹjọ́ àwọn méjèèjì kò tí ì parí.

Àyọ̀ká, ọmọ mi, ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. "Màmá, nínú Ìyá àgbà mi, ìyá yín, àti Bùọ̀dá Àlàbí, ta ló ń parọ́?"

"Kò sẹ́ni tó ń parọ́. Kálukú sọ ohun tó rí láti ibi tó wà. Ṣùgbọ́n bí èmi àtìrẹ bá wọ ọkọ̀, má wojú fèrèsé kí o tó mọ̀ bóyá mò ń lọ. Di ọwọ́ mi mú. Bó bá ṣì wà nínú tìrẹ, mi ò tí ì lọ síbì kan, bó ti wù kí ọkọ̀ náà máa sáré tó."