Pákó tí mo kọ sí oko kòkó mi

Ẹ má bínú sí ọwọ́ ìkọ̀wé mi. Standard Four ni mo kà dé, n kò sì kọ ju lẹ́tà lọ rí. Bí ọ̀rọ̀ mi kò bá tò, ẹ bá mi tò ó. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lóko wa lọ́nà Atosin, ní Ìdànrè, ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ọdún tí mo kúrò ní sukúù ni bàbá mi gbin kòkó fún mi, fún èmi nìkan. Ó ní ọmọbìnrin tó bá ní igi tirẹ̀ kò ní máa wo ojú ẹnikẹ́ni kó tó ra iyọ̀.

Bàbá mi kò mọ̀wé, àmọ́ ó bẹ̀rù kọ́ọ̀tù gan-an. Ó gé pákó kan, ó ra ọ̀dà dúdú, ó ní kí n kọ "OKO DÚPẸ́" sí i. Mo kọ ọ́. Ó ní ọdún ńkọ́? Ó ní ìwé tí kò bá ní ọdún, adájọ́ kò ní kà á sí. Mo bá kọ ọdún sí i. Inú mi dùn débi pé mo tún ya òdòdó kékeré sí igun rẹ̀!

Bàbá mi kú lọ́dún tó kọjá. Àwọn ẹbí gba àwọn oko rẹ̀ àtijọ́, bí wọ́n ti máa ń ṣe nílé wa. Èyí tó ní pákó nìkan ló kù fún èmi àti ìyá mi. Ọdún yìí ló sì ṣẹ̀ṣẹ̀ so dáadáa.

Àfi bí gáàdì igbó ìjọba ṣe dé pẹ̀lú lébìrà mẹ́ta. Ó ní oko náà wà nínú igbó tí ìjọba ti pààlà sí. Àbúrò bàbá mi, tí à ń pè ní Bàbá Kékeré, wà lóko pẹ̀lú èmi àti ìyá mi lọ́jọ́ náà. Ẹ ò mọ ẹnu rẹ̀!

"Gáàdì, nígbà tí bàbá wa ṣì ń gbé lórí Òkè Ìdànrè, ibí yìí ló ti ń dẹ pàkúté. Ìlà yín yìí, ṣé ejò ni, tó fi ń rìn wọ oko olóko?"

"Bàbá, ìlà kì í rìn. Kòkó yín ló ń rìn."

Àwọn lébìrà rẹ́rìn-ín. Kódà, ó kù díẹ̀ kí ìyá mi rẹ́rìn-ín.

Gáàdì náà kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ṣàlàyé pé bí a bá gé igbó náà tán, odò á gbẹ, òjò á dínkù, kòkó pàápàá kò ní rójú so. Ó ní oko tó bá ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó gé ìlà, ìjọba á kọ ọ́ sínú ìwé, ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn án. Èyí tí wọ́n bá gbìn lẹ́yìn náà ni wọ́n máa gé. Ó wo àwọn igi mi. Ó ní wọn kò jọ arúgbó, àmọ́ òun kò lè fojú lásán mọ ọjọ́ orí kòkó. Ta ló lè jẹ́rìí?

"Ẹlẹ́rìí?" Bàbá Kékeré pàtẹ́wọ́. "A ní ju ẹlẹ́rìí lọ! Ìwé la ní! Dúpẹ́, sáré lọ gbé pákó rẹ wá!"

Mo lọ tú u lára igi obì tí bàbá mi so ó mọ́. Mo fi ìró mi nù ún kí ó lè hàn kedere. Ṣé ẹ rí i? Èmi fúnra mi ni mo nù ún.

Gáàdì kà á. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó wò ó, ó tún wo pákó. Ó rọra bi mí bóyá ọdún tí a gbin kòkó náà nìyẹn. Ìyá mi rí ojú rẹ̀, ó tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Ó yé mi pé kí n sọ nǹkan mìíràn. Àmọ́ láti kékeré ni mo ti ń tijú. Bí àlejò bá bi mí ní nǹkan, orí ni mo máa ń mì. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ní ó dun òun. Ọdún méjì ṣáájú ọdún tí mo kọ yẹn ni wọ́n ti gé ìlà.

Bàbá mi mọ̀ nípa ìlà náà o. Ó máa ń sọ pé kò sẹ́ni tó lè fi àdá pín ilẹ̀ tí bàbá òun fi sílẹ̀. Ṣé irọ́ ló pa? N kò mọ̀. Ṣé irọ́ ni gáàdì pa nípa odò? N kò mọ ìyẹn náà.

Wọ́n gé àwọn igi kòkó mi kí oòrùn tó rọ̀. Gáàdì ní a lè kó èso wọn. Ìyá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Èmi ń wo èèrà tó ń gun ẹsẹ̀ mi, n kò gbọ̀n ọ́n dànù.

Àwọn èèyàn bi mí nílé pé ṣé mo sunkún. Ẹkún kò wá. Títí di òní, kò tíì wá. Ó dà bíi pé ẹlòmíràn ni wọ́n gé kòkó rẹ̀, tí wọ́n wá ròyìn rẹ̀ fún mi.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò pọ̀. Kí ẹ tó gbin igi, ẹ béèrè ibi tí ìlà gbà. Bí ẹ kò bá sì gbà pé ìlà náà tọ́, ẹ lọ sọ ọ́ nígbà tí wọ́n ń gé e, ẹ má dúró dìgbà tí igi bá so. Ṣé irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni nínú yín? Kí lẹ ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ kí èmi náà kà á.

Ní tèmi, nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì, mo gbé agbọ̀n, mo padà lọ. Mo já àwọn èso tó ti pọ́n lára àwọn igi tó dùbúlẹ̀. Mo fọ́ wọn, mo da hóró wọn sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo fi ewé bò wọ́n kí wọ́n lè kan. A máa ń gbé nǹkan wúwo lé e lórí kí atẹ́gùn má baà ṣí i. Mo wò yíká. Mo gbé pákó mi lé e, mo kọjú ìwé rẹ̀ sísàlẹ̀.