Àǹtí Wáyà Àti Fídíò Tí Kì Í Dé Ẹ̀wá

Iṣẹ́ wáyà fóònù ni wọ́n fi mọ Àǹtí Wáyà kí íńtánẹ́ẹ̀tì tó wọ ilé gbogbo ènìyàn. Ọgbọ̀n ọdún ló fi gun òpó, kò já bọ́ rí, ó sì máa ń sọ ọ́ fún ẹni tó bi í àti ẹni tí kò bi í. Èmi ò fẹ́ràn ẹni tó ń yin ara rẹ̀, àmọ́ mo ti rí i níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, ẹnu mi sì ti wọhò.

Ọ̀rọ̀ bàbá mi ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Aránbàtà ni bàbá mi. Àrùn rọpárọsẹ̀ mú un lápá ọ̀tún, ọwọ́ tó ń fa òwú gba inú awọ kò sì lè di ṣíbí mú mọ́. Dókítà ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì jù, pé ohun tí ọwọ́ náà bá rí gbà padà nínú rẹ̀ ló máa rọrùn láti gbà. Wọ́n wá fi fídíò eré ìdárayá kan hàn wá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Obìnrin kan á gbé ọwọ́ sókè, á máa ka ení, èjì, títí dé ẹ̀wá, bàbá mi á sì máa tẹ̀ lé e.

Kì í dé ẹ̀wá. Bó bá ti tó èje báyìí, fídíò á dúró, nǹkan róbótó kan á wá máa yí láàárín ojú fóònù. Ọwọ́ obìnrin náà á wà lókè, ti bàbá mi náà á wà lókè, á máa gbọ̀n, títí tó fi máa já wálẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ó kọjú sí ògiri.

"Ẹ gbé e kúrò níwájú mi," ó ní. "Ẹ̀rọ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

Ìyá mi ní, "Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba."

Inú bí mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ra dátà tó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ sórí Wáífáì ilé wa, akólòlò yìí kò pe nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ló sì kù.

Àǹtí Wáyà dé ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Ó ní ká jókòó, ká máa wo ohun tá a máa ń wò, ká ṣe bí ẹni pé òun kò sí nílé. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, nítorí ó ní bí àwọn èèyàn bá ti rí òun, wọ́n á pa gbogbo fóònù wọn, àrùn á sì sá pamọ́. Ó ya àwòrán ilé wa sẹ́yìn páálí bàtà kan. Ó ń lọ láti yàrá dé yàrá, ó ń fi fóònù rẹ̀ wọn bí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣe ń yá sí, ó sì ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀. Nọ́ńbà ti yàrá bàbá mi kéré débi pé ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ̀rọ Wáífáì yín dà?"

Ìyá mi rẹ́rìn-ín músẹ́, ó yọ kọ́kọ́rọ́ látinú àpò. Inú kọ́bọ́ọ̀dù onírin ló tì í mọ́, láàárín ìwé ilé àti ìwé ìgbéyàwó wọn, ó sì fi aṣọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ hun bò ó kí eruku má bàa bà á jẹ́. Ó tilẹ̀ ti pe wẹ́dà kó wá lu ihò sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù náà kí wáyà iná lè ráyè wọlé.

Ojú tì mí. Ojoojúmọ́ ni mò ń gba ẹ̀gbẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù yẹn kọjá. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ohun tí mo sì ń ṣe látọjọ́ yìí nìyẹn, mò ń ra dátà lé dátà.

"Mà, ẹ tọ́jú ẹ̀ dáadáa," Àǹtí Wáyà sọ, kò fi ìyá mi rẹ́rìn-ín rárá. "Àmọ́ irin ò jẹ́ kó ráyè jáde. Ìwọ̀nba tó ń yọ́ jáde, ògiri balùwẹ̀ ló ń gbà á kó tó dọ́dọ̀ Bàbá."

"Tí olè bá gbé e ńkọ́?"

"Ọwọ́ Bàbá ni olè ń gbé lọ báyìí, Mà."

Ìyá mi na ọwọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù náà. Ó ṣí aṣọ náà kúrò fúnra rẹ̀, ó ká a, ó sì fi sápò.

Àǹtí Wáyà gbé ẹ̀rọ náà sórí pẹpẹ gíga kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó tún wọ̀n ọ́n, nọ́ńbà lọ sókè, síbẹ̀ kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó fa wáyà láti ara rẹ̀ gba orí ilẹ̀kùn wọ yàrá bàbá mi, ó sì tì í bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n kékeré tó wà níbẹ̀. Ó ní kí èmi àtàwọn àbúrò mi má ṣe máa gba fíìmù sílẹ̀ láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì nígbà tí Bàbá bá ń ṣe eré ìdárayá. Ó sì dín bí àwòrán fídíò náà ṣe mọ́ kedere kù.

"Ọwọ́ obìnrin yìí ni Bàbá fẹ́ wò," ó ní, "kì í ṣe ìpéńpéjú ẹ̀."

Bàbá mi ò yíjú kúrò lára ògiri. "Ó máa dúró."

"Tó bá dúró, Bàbá, a jẹ́ pé mi ò gun òpó rí láyé mi."

Obìnrin inú fídíò bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Nígbà tó kan èje, mo di ẹsẹ̀ ibùsùn mú. Ẹ̀jọ. Ẹ̀sán. Ẹ̀wá. Ó tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn, kò dúró. Ìgbà kẹta ni bàbá mi tó yíjú, tó sì gbé ọwọ́. Àǹtí Wáyà ti ń di irinṣẹ́ rẹ̀, kò tilẹ̀ wò ó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn ìyẹn, mo wà ní ilé ìdáná tí mo gbọ́ tí obìnrin náà dákẹ́ láàárín kíkà. Mo sáré wọlé, mo ń wá ibi tí wáyà ti yọ, kò yọ níbì kankan. Bàbá mi jókòó sétí ibùsùn. Rìmóòtù wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ ṣì tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀.

"Kí ló ń lé ẹ?" ó ní. "Èmi ni mo dá a dúró."